Iná airbag kò kú lára Accord mi, owó mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sọ́wọ́ àwọn ríwáyà

Ìyá Tọ́lání
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, inú ló ń bí mi. Ọkọ̀ tí mo rà lọ́wọ́ ọkọ mi kékeré, àbúrò bàbá Tọ́lání, nígbà tó ń múra Kánádà ló fẹ́ sọ mí di aláìsàn yìí. Mo san owó rẹ̀ pé, n kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ọjọ́ tó wá gbowó, iyán ni mo gún fún un, ẹran mẹ́rin ló jẹ. Ó ní, "Ìyàwó wa, ọkọ̀ yìí ò ní wàhálà kankan, ẹ ṣáà ti máa pààrọ̀ ọ́ìlì."

Iná airbag, àpò tó ń fẹ́ jáde láti gba ènìyàn lọ́jọ́ ìjàm̀bá, wá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò kú mọ́. Ríwáyà àkọ́kọ́ gba ₦15,000, ó fi ẹ̀rọ kékeré kan wò ó, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Èkejì gba ₦8,000, ó wá ní kí òun yọ gílóòbù rẹ̀ kí ojú mi má baà rí i mọ́. Mo lé e jáde. Ẹ̀kẹta tú steering, iná ṣì ń tàn. Bàbá Tọ́lání ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa báyìí nítorí mo sọ pé gbájú-ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ṣe fún mi. Àdìrẹ ni mò ń gbé láti Ìtòkú lọ sí Èkó, mi ò lè máa bẹ̀rù lójú ọ̀nà. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ríwáyà Ṣómólú
Màámi, ẹ kú ìnáwó. Ọdún wo ni Accord náà? Ṣé họ́ọ̀nù rẹ̀ ń dún? Iná yẹn, ó yẹ kó tàn bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́fà. Bó bá dúró gbọin, ọpọlọ airbag, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ṣọ́ ọ, ti rí àléébù kan nìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà káàkiri, ti ẹ́ńjìnì nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ń kà. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ wá airbag kò lè rí nǹkan kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Airbag kẹ̀? Ta ló ń rí ti airbag rò nílẹ̀ yìí? Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń rà, airbag wọn ti fọ́n jáde ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó gbé wọn wọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á lẹ dáṣíbọ́ọ̀dù pa, wọ́n á kùn ún. Camry mi ò ní ẹyọ kan, mo sì ti ń wà á bọ̀ láti 2014. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ gílóòbù, kí ọkàn yín balẹ̀.

Àdùkẹ́ Peckham
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, bí iná yẹn bá ń tàn, ọkọ̀ ò ní yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún. Bó bá ti tàn, ó ṣeé ṣe kí airbag má ṣí rárá lọ́jọ́ ìjàm̀bá. Ẹni tó bá yọ gílóòbù, ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Alfa Accord
Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo ti ná owó káàkiri ọjà Ládìpọ̀ kí n tó mọ̀ pé ibi tí a ń ki bẹ́líìtì bọ̀ ni. Ọmọ mi ki bísíkíìtì bọ inú rẹ̀! Bí mo ṣe ń sọ yìí, èèrà ló kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Honda fẹ́ràn àìsàn yẹn. Ẹ tún wo abẹ́ síìtì, wáyà yẹ́lò wà níbẹ̀, bí wọ́n bá ti síìtì sẹ́yìn síwájú jù, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á tú díẹ̀. Yẹ́lò ni àwọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì airbag, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kan fà á.

Ìyá Tọ́lání
2003 ni, èyí tí wọ́n ń pè ní End of Discussion. Alfa, àwọn ọmọ mi kì í jẹun nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ta ló ń rí ti airbag rò, ọmọ mẹ́ta ni mo ń gbé lọ sílé ìwé láràárọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkọ mi kékeré mọ̀. Ó ní láti mọ̀. Kò gbé fóònù mi láti ọjọ́ Sátidé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Aago Kánádà yàtọ̀ sí tiwa, ẹ̀gbọ́n. Bóyá ó ń sùn.

Bàbá Ríwáyà Ṣómólú
Màámi, mo ti bi yín lẹ́ẹ̀kan. Họ́ọ̀nù ńkọ́?

Ìyá Tọ́lání
Họ́ọ̀nù wà. Bọ́tìnì la ń tẹ̀, wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ hándibíréèkì láti Àjíǹde. Ó ń dún dáadáa, kódà ó ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá Ríwáyà Ṣómólú
Háà! Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Wáyà pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn steering, ó ká jọ bí ẹní nínú agolo rọ́bà. Clock spring ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ń yí steering, á máa ká, á máa tú. Òun ló ń gbé iná lọ sí họ́ọ̀nù, òun náà ló ń gbé e lọ sí airbag dẹ́rẹ́bà. Bó bá já, họ́ọ̀nù á dákẹ́, iná airbag á tàn. Ẹni tó fi bọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ hándibíréèkì ti rí àìsàn náà nígbà yẹn, ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ìgbà wo ni iná yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tàn gan-an?

Ìyá Tọ́lání
Bíi Àjíǹde náà.

Alfa Accord
Ìgbà wo ni àbúrò ọkọ yín lọ?

Ìyá Tọ́lání
Ó ti tó ọdún kan àbọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má gbé fóònù.

Alfa Accord
Ọdún kan àbọ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹran mẹ́rin yẹn ò jẹ̀bi o. Ẹ ra clock spring, kí wọ́n yọ orí bátìrì, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 90 kí wọ́n tó fọwọ́ kan steering.

Bàbá Ríwáyà Ṣómólú
90 kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Alfa Accord
90 ló wà nínú ìwé tí mo kà.

Bàbá Ríwáyà Ṣómólú
Ìwé Toyota lẹ kà. Honda ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Iná máa ń kù nínú ọpọlọ airbag bí a tiẹ̀ yọ bátìrì, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Ìyá Tọ́lání
Ẹni tó tú tèmi ò dúró rárá. Ó fi tester, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá iná, kan orí wáyà rẹ̀ pàápàá. Mi ò jẹ́ kó gbé airbag náà lọ ṣá, kó má lọ fi àlòkù pààrọ̀ rẹ̀. Ó wà nílé lórí fíríìjì, mo fi tówẹ̀lì bò ó.

Àdùkẹ́ Peckham
LÓRÍ FÍRÍÌJÌ?

Bàbá Ríwáyà Ṣómólú
Màámi, ẹ dìde báyìí. Ohun tó ń bú gbàmù ló wà nínú nǹkan yẹn. Ọlọ́run ló ní kí tester yẹn má gbé iná lọ bá a. Ẹ gbé e síbi tó tutù, tó gbẹ, tí ọmọdé ò lè dé. Ojú rẹ̀ tí àmì Honda wà ni kẹ́ ẹ kọ sókè, torí bí ẹ bá da ojú rẹ̀ délẹ̀ tó sì bú, gbogbo rẹ̀ ló máa fò. Bí ẹ bá ń gbé e, ẹ kọ ojú rẹ̀ síta, kó má kọjú sí àyà yín.

Àdùkẹ́ Peckham
Ó tún kù. Accord 2003 wà lára àwọn ọkọ̀ tí Honda pè padà kí wọ́n lè pààrọ̀ airbag Takata inú wọn, ilé iṣẹ́ Japan tó wọko gbèsè ní 2017. Ammonium nitrate, kẹ́míkà tó ń fẹ́ àpò náà, máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá pẹ́ lára rẹ̀, ẹ wo ojú ọjọ́ wa. Bó bá bú, agolo irin rẹ̀ á fọ́, irin á máa fò bá dẹ́rẹ́bà lójú àti lọ́rùn. Ó ti pa ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, bíi airbag mílíọ̀nù 67 ni wọ́n pè padà. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ yín, àmì 17 ni, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá dẹ́rẹ́bà. Ẹ má kọ ọ́ síbí, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá fi wò ó lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ṣé ẹ rí i! Camry mi tí ò ní airbag, kò sí irin tó máa fò bá mi.

Alfa Accord
Àyà tó máa lọ bá steering ńkọ́?

Ìyá Tọ́lání (ọjọ́ kejì)
Ẹ ṣé o. Àdùkẹ́ ti wò ó, wọn ò tíì pààrọ̀ ti ọwọ́ dẹ́rẹ́bà. Mo tún lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan ní Láfẹ́nwá tó ní ẹ̀rọ gidi, ó ní ọ̀nà iná airbag dẹ́rẹ́bà ló já. Mo ní ṣé clock spring ni, ó ní òun ò lè mọ̀ nígbà tí airbag fúnra rẹ̀ ò sí lára ọkọ̀. Ojú tì mí.

Bàbá Ríwáyà Ṣómólú
Òótọ́ ló sọ. Ẹ ra clock spring, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá airbag yẹn padà, ẹ má sì lọ ra àlòkù Accord kan náà, àìsàn kan náà lè wà lára rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí aṣojú Honda, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n lè ṣe. Títí dìgbà náà, bẹ́líìtì ni o, iná á sì máa tàn. Ẹni tó bá ní òun máa fi resistor, ẹ̀yà iná kékeré kan, tan ọpọlọ ọkọ̀ jẹ kó lè kú, ẹ sá fún un.

Ìyá Tọ́lání
Mo gbọ́. Ọkọ mi kékeré ti pè padà, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Ó ní òun ò rí lẹ́tà kankan rí pé wọ́n pe ọkọ̀ náà padà, ẹni tó ni ín ní Amẹ́ríkà ni wọ́n máa kọ ọ́ sí. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Bàbá Tọ́lání ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé airbag lọ sí sítóò ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ wà lókè. Ìgbà náà ni Tọ́lání ń bèèrè "steering" òun. Àṣé wọ́n máa ń gun àga gbé e kúrò lórí fíríìjì, wọ́n á máa fi wa mọ́tò ní pálọ̀ bí mo bá ti lọ sọ́jà.

Àdùkẹ́ Peckham
Jésù.

Bàbá Ríwáyà Ṣómólú
Ọjọ́ wo lẹ máa gbé ọkọ̀ wá?

Ìyá Tọ́lání
Ọjọ́ Ẹtì, tí mo bá já ọjà tán. Bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ hándibíréèkì yẹn, ṣé ẹ lè bá mi fi sílẹ̀? Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́.