Ìparí ọ̀rọ̀ iṣan apá mi tó já

Ẹ rántí pé mo bi yín bóyá kí n ṣiṣẹ́ abẹ àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí iṣan tó so bíséèpù mi, ẹran iwájú apá, mọ́ egungun já níbi tí mo ti ń fa irin tó wúwo sókè láti ilẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kan kọjú síta, ìkejì kọjú sí mi. Mo ṣe é o, oṣù 6 rèé. Sùúrù ló le jù, torí ìrora ti lọ tipẹ́ kí iṣan yẹn tó jinná, kílò 2 péré ni físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú apá mi, kọ́kọ́ gbà mí láyè láti gbé, mo sunkún lọ́jọ́ náà. Lánàá mo fa kílò 100, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kọjú sí mi, kò dùn mí rárá! Mi ò yí ọwọ́ kan síta mọ́ láé. Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n tètè lọ.