DVD writer mi ń ka fíìmù, ṣùgbọ́n kò gbà láti bọ́ọ̀nù (kọ nǹkan sí) DVD òfìfo

OníFídíò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. DVD writer pẹlẹbẹ oní-USB ni, Windows 10 ni laptop náà. Ó ń ka fíìmù, ó sì ń bọ́ọ̀nù CD-R. Tí mo bá ki DVD-R òfìfo bọ̀ ọ́, nígbà mìíràn á ní kí n fi díìsìkì sí i. Nígbà mìíràn ImgBurn, ètò tí mo fi ń bọ́ọ̀nù, á bẹ̀rẹ̀, á wá gbé "Power Calibration Area Error" jáde. Fáìlì náà tó 4.5 GB.

Ọ̀gáWáyà: Ti pé ó ń bọ́ọ̀nù CD kò sọ pé ti DVD ṣì dá ṣáká. Laser (ìmọ́lẹ̀ tó ń ka díìsìkì tó sì ń kọ ọ́) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò, 780 nm fún CD, 650 nm fún DVD. Ọ̀kan lè kú kí èkejì máa ṣiṣẹ́ lọ. Fíìmù tó ń kà náà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí agbára tí kíkà ń fẹ́ kéré gan-an sí ti kíkọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo iwájú rẹ̀. Tó bá jẹ́ "DVD-ROM" àti "CD-RW" ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò lè kọ DVD láéláé, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu.

Ní ti error yẹn: kí ó tó kọ ohunkóhun, ó máa ń dán agbára laser wò ní etí ihò àárín díìsìkì. Tí kò bá rí ìwọ̀n tó bá díìsìkì náà mu, ibẹ̀ ló ti ń dúró. Iná ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. 500 mA ni USB 2.0 ń fún un, bẹ́ẹ̀ kíkọ DVD lè fẹ́ nǹkan bí 1 A. Ẹ yọ hub (ohun tó ń pín ihò USB kan sí púpọ̀) kúrò, kí ẹ lo wáyà USB olórí méjì, kí orí méjèèjì wà lára laptop.

Abẹ́rẹ́Òwú: Fáìlì yẹn gan-an kò lè wọlé o. 4.7 GB tí wọ́n kọ sára páálí, 4.38 ni Windows ń kà á sí. Ẹ dín in kù. Ní ImgBurn, ẹ lọ sí Write, ẹ wo apá ọ̀tún: tí Disc ID àti Supported Write Speeds bá hàn, ó ti dá díìsìkì mọ̀. Ẹ yan ìyára 4x tàbí 8x ní Write Speed, ẹ má fi sí MAX. Ẹ dán DVD+R ti ilé-iṣẹ́ mìíràn wò pẹ̀lú.

OníFídíò: Ẹ ṣeun. "DVD Multi Recorder" ló wà níwájú rẹ̀, nítorí náà ó lè kọ DVD. Ẹnìkan ní kí n pa UpperFilters àti LowerFilters rẹ́ nínú registry (ibi tí Windows ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí) ńkọ́?

Ọ̀gáWáyà: Rárá o. Ìgbà tí Windows kò bá rí drive náà rárá nìyẹn máa ń wúlò. Tiyín ń ka díìsìkì. Lẹ́ńsì ni kí ẹ nù: ó wà ní gbangba lórí tíréè tó ń yọ jáde. Ẹ kán ọtí isopropyl 99% díẹ̀ sórí òwú tí a fi ń nu etí, kí ẹ rọra nù ún, kí ó gbẹ. Ẹ má lo acetone tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, pílásítíìkì ni lẹ́ńsì yẹn, á bà á jẹ́.

Abẹ́rẹ́Òwú: Tí iná bá tó, tí lẹ́ńsì mọ́, tí -R àti +R méjèèjì ṣì kọ̀, laser DVD ti lọ nìyẹn. Ẹ ra òmíràn. Owó àtúnṣe kò tọ́ sí i.