Ètò ìrìn àjò sí ìrìn kẹ̀kẹ́ mẹ́ta: Pitlochry, Brighton àti Dunwich

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin àgbà onikẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ́nù ni mo ń gbé, n kò sì ní mọ́tò. Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ lọ sí Etape Caledonia, ìrìn kẹ̀kẹ́ kan ní ìlú Pitlochry ní Sikọ́tíláǹdì, nínú oṣù Karùn-ún, kí n gun kẹ̀kẹ́ láti Lọ́ńdọ́nù dé Brighton nínú oṣù Kẹfà, kí n sì bá wọn ṣe Dunwich Dynamo, èyí tí wọ́n ń fi òru gùn mọ́jú, nínú oṣù Keje. Ṣé orúkọ ni kí n kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ni, àbí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin?

Èsì kìíní:
Ẹ kú ìgbìyànjú. Ní tèmi, ẹ kọ́kọ́ wá bí ẹ ó ṣe padà sílé, nítorí àbọ̀ ló máa ń da ètò ẹni tí kò ní mọ́tò rú. Máìlì 54 péré ni Brighton sí Clapham Common, pápá ní Lọ́ńdọ́nù tí wọ́n ti ń gbéra, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìrìn náà gan-an, àwọn ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ kì í gba kẹ̀kẹ́, àfi èyí tó ṣeé ká. Ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ padà lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn tí èrò àárọ̀ bá ti dínkù. Ní ti Dunwich, ọ̀fẹ́ ni: ní London Fields, pápá kan ní Lọ́ńdọ́nù, ni wọ́n ti ń gbéra ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ etí òkun ni wọ́n ń parí rẹ̀ sí, lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 180, kò sì sí ibùdókọ̀ ojú irin níbẹ̀. Darsham ló sún mọ́ ọn jù, àwọn ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò sì lè gba kẹ̀kẹ́ púpọ̀.

Èsì kejì:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ti Pitlochry yàtọ̀, mo sì ń gbé nítòsí ibẹ̀. Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀, kí ẹ sì gba yàrá lọ́jọ́ kan náà, nítorí ìlú kékeré ni. Ẹ má rò pé ẹ lè sùn sí Perth, ìlú ńlá tó wà lápá gúúsù ibẹ̀, kí ẹ wọkọ̀ wá láàárọ̀: òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń gbéra, ọkọ̀ ojú irin kì í sì í tètè jáde lọ́jọ́ náà. Tíkẹ́ẹ̀tì a máa jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú. Ọkọ̀ ojú irin ilé-iṣẹ́ LNER tó ń ti ibùdókọ̀ King's Cross ní Lọ́ńdọ́nù lọ sí Inverness máa ń dúró ní Pitlochry, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì yín. Òòró ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ tú gbogbo àpò kúrò lára rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Wọ́n máa ń ti ọ̀nà mọ́ àwọn mọ́tò, ẹ ó sì gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Loch Tummel àti Loch Rannoch fún máìlì 85. Òtútù àárọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ mú ìbọ̀wọ́ dání.

Èsì kẹta:
Kí n fi díẹ̀ kún un. Òkè Ditchling Beacon ń dúró dè yín nígbà tí Brighton bá ti sún mọ́lé. Ẹ yí gíà sí èyí tó rọ̀ jùlọ kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ òkè náà, nítorí ẹni tó bá dúró ní agbedeméjì kì í rọrùn fún un láti tún gùn ún. Fún Dunwich, ẹ wá iná tó lè tàn mọ́jú, kí ẹ sì mú túùbù méjì àti pọ́ǹpù táyà dání, torí pé ẹ kò ní rí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ kankan tó ṣí lóru ní àwọn abúlé Suffolk.