Ta ló ti ka Valeri Petrov, òǹkọ̀wé Bùlùgáríà, tàbí wo fíìmù rẹ̀ rí? Ẹ wá sọ bí ẹ ṣe pàdé rẹ̀

ỌmọPleven: Ẹ kú àárọ̀ o. Ọdún kẹta mi rèé ní Bùlùgáríà, ìmọ̀ ìṣègùn ni mò ń kà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa, ṣùgbọ́n tí o bá ti dé wọ́ọ̀dù, aláìsàn kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Olùkọ́ èdè wa ní kí n lọ ra ìwé ọmọdé. Pet prikazki ni mo rà, ìyẹn Àlọ́ Márùn-ún, ti Valeri Petrov. Ojú ń tì mí tí mo bá ń kà á nínú bọ́ọ̀sì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi POP dì lọ́wọ́ ń ké, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Mo ṣáà pe orúkọ ọ̀kan nínú àlọ́ náà, Kopche za san, “bọ́tìnnì oorun”. Igbe dá. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní mi ò mọ “san” pè. (Fáwẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí lédè wa, bí ìgbà tí èèyàn ń kérora ni.) Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ́ mi kó tó jẹ́ kí n wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ta ló tún ti bá bàbá yìí pàdé?

ÀgbàStudentskiGrad: Ẹ̀yin ọmọ yìí ti fa ọ̀rọ̀ yọ. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo lọ kọ́ ní Sofia, Studentski grad, ìyẹn àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, la gbé, èèyàn mẹ́ta nínú yàrá kan, òtútù ṣìkẹrin. Fíìmù Yo-ho-ho jáde ní 1981. Petrov ló kọ ọ́, Zako Heskiya ló darí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí à ń fẹ́ra nígbà náà (kí ìyá àwọn ọmọ má rí èyí o) ló mú mi lọ wò ó. Òṣèré kan ṣèṣe ní ọ̀pá ẹ̀yìn, kò lè dìde mọ́. Ọmọkùnrin kan tó dá lápá wà ní ọsibítù kan náà, òṣèré yìí sì ń pa ìtàn ajalèlókun fún un lójoojúmọ́. Mo rò pé eré ọmọdé ni, mò ń jẹ semki mi (hóró sunflower) lọ ní tèmi. Àṣé nítorí kí ọmọ náà lè bá a jí oògùn tó fẹ́ fi pa ara rẹ̀ ló ṣe ń pa ìtàn! Semki há mi lọ́nà ọ̀fun.
Nígbà tí a jáde, mo bi ọmọbìnrin náà bóyá a ó tún jọ jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó mi orí. Mo bínú, mo fẹsẹ̀ rìn dé họ́sítẹ̀ẹ̀lì nínú yìnyín. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó yé mi pé “bẹ́ẹ̀ ni” ló ń wí, pé ohun tí orí mímì ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn.

Ẹlẹ́nuMímú: 😂😂😂 Ọ̀sẹ̀ kan!

ỌjàVarna: Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Mo bi ìyá olótòmátì kan bóyá tirẹ̀ ṣì kù, ó mi orí, mo kọjá. Ló bá ń sáré tẹ̀ lé mi tòun ti tòmátì lọ́wọ́.

ỌmọPleven: Ìsinsìnyí gan-an ló burú jù. Tí wọ́n bá rí i pé àlejò ni ẹ́, àwọn kan á yí i padà nítorí tìẹ. O ò ní mọ èwo ni èwo mọ́.

ÌyáÌbejìPeckham: Ẹ dúró ná, ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí. Ìtàn tí bàbá sọ yẹn, fíìmù The Fall ni! 2006, Tarsem Singh ló darí rẹ̀. Ọmọbìnrin ni wọ́n fi ṣe é, ó ṣubú níbi tó ti ń ká ọsàn, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọsibítù ní Los Angeles. Mo sunkún débi pé àwọn ìbejì jí. Ṣé wọ́n jí ìtàn bàbá yìí ni?

Àtàrí: Wọn ò jí i. Wọ́n kọ ọ́ sínú fíìmù náà pé látinú Yo Ho Ho ti Valeri Petrov ló ti wá. Wò ó dé ìparí lọ́jọ́ mìíràn.

ÌyáÌbejìPeckham: Omijé wà lójú mi, kí ni mo fẹ́ rí kà?

Ẹlẹ́nuMímú: Orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 ni wọ́n ti ya fíìmù yẹn. Bàbá Bùlùgáríà fi ọsibítù kan ṣe tirẹ̀. Ẹ̀mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌyáÌbejìPeckham: O ò tíì wo ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹlẹ́nuMímú: Òótọ́ ni.

Àtàrí: Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ọsibítù. Dókítà ni. Ó parí ìmọ̀ ìṣègùn ní Sofia ní 1944, ó sì ṣiṣẹ́ náà díẹ̀ kó tó lọ bá wọn dá ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ Starshel sílẹ̀. Agbọ́n ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn, èyí tó ń ta èèyàn.

ỌjàVarna: Ó ka dókítà tán, ó wá lọ ń kọ àlọ́?? Nílé wa, ìpàdé ẹbí nìyẹn. Àwọn bùrọ̀dá bàbá mi á ti Iléṣà wá.

ỌmọPleven: Ẹ má jẹ́ kí màámi rí èyí. Wọ́n ṣì ń san owó iléèwé mi.

Alábójútó_Leeds: Màmá Bùlùgáríà kan wà tí mò ń tọ́jú, olùkọ́ fẹ̀yìntì. Wọ́n ń ṣe Hamlet lórí tẹlifíṣàn, màmá ní kí n pa á, pé ti Petrov lédè àwọn dùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Mo ní, “Màmá, Gẹ̀ẹ́sì mà ni Shakespeare fi kọ ọ́.” Wọ́n ní àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn.

Àtàrí: 😂 Gbogbo eré Shakespeare ni Petrov túmọ̀.

ÀgbàStudentskiGrad: Wọ́n há a mọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ lápá kan ni. Ní 1970, wọ́n ní kí àwọn òǹkọ̀wé bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún Solzhenitsyn, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà. Petrov kò bá wọn fọwọ́ sí i. Wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́múníìsì, wọ́n sì dí i lọ́nà fún ìgbà díẹ̀. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ wo fíìmù tó kọ, Ritsar bez bronya ti 1966, níbi tí ọmọ kékeré kan, Vanyo, ti ń wo bí àwọn àgbà ṣe ń purọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó kọ ìyẹn, báwo ló ṣe fẹ́ fọwọ́ sí ìwé irọ́?

Ẹlẹ́nuMímú: Ṣùgbọ́n kọ́múníìsì lòun náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi í sí ẹ́ḿbásì wọn ní Róòmù láàárín 1947 sí 1950. Ta ni wọ́n ń rán lọ Róòmù nígbà yẹn?

ÀgbàStudentskiGrad: Mi ò sọ pé kì í ṣe kọ́múníìsì. Mo ní kò fọwọ́ sí i.

ỌjàVarna: Petrov, ṣé orúkọ bàbá rẹ̀ nìyẹn?

Àtàrí: Rárá, ti ìyá rẹ̀ ni. Nisim Mevorah ni bàbá, lọ́yà ni, Júù sì ni.

ỌmọPleven: Ẹ tún rí i, ní 24 oṣù Karùn-ún, álífábẹ́ẹ̀tì wọn nìkan ni wọ́n gba ìsinmi fún. Àwọn ọmọ iléèwé á gbé àwòrán Cyril àti Methodius, ẹni mímọ́ méjì tí wọ́n kà sí bàbá ìwé kíkọ wọn, káàkiri ìgboro. Àwa ńkọ́? Àmì ohùn lásán, a ò lè fi sí i.

Ẹlẹ́nuMímú: Ki lo kan ami ohun nibi bayii?

ỌmọPleven: Ẹ wò ó.

Ẹlẹ́nuMímú: Foonu mi ni o.

ÌyáÌbejìPeckham: Bàbá, ọmọbìnrin sinimá yẹn ńkọ́? Ẹ kò parí ìtàn.

ÀgbàStudentskiGrad: Ta ló fi línkì yìí ránṣẹ́ sí ìyàwó mi?