Ìrìn igbó pẹ̀lú ọmọ kékeré lásìkò ọlidé: ibo la ti lè bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọlidé gígùn ti wọlé, a sì fẹ́ máa kó àwọn ọmọ jáde láràárọ̀ Sátidé lọ fẹsẹ̀ rìn nínú igbó. Tí agbára bá gbé e, a ó gun òkè díẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni àgbà, ọdún mẹ́rin ni àwọn ìbejì, Ìdòwú ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn ló ṣì wà. A ò ní mọ́tò, ọkọ̀ èrò la máa wọ̀.

Ṣé Igbó Ọ̀ṣun ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ká kọjá sí Erin-Ìjẹ̀ṣà tààrà, torí omi tó ń já bọ́ látorí àpáta níbẹ̀ làwọn ọmọ ń pariwo? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti rẹ ọmọ ọdún mẹ́rin kó tó jókòó sílẹ̀ tó ń ké? Ṣé mo lè pọn Ìdòwú gun àpáta? Kí la máa dì sápò lásìkò òjò yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní ká ṣọ́ra. Ẹ sọ iye, ẹ sì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Afinimọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Ẹ kú ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Igbó Ọ̀ṣun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí Erin-Ìjẹ̀ṣà di ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn bá ti mọ́ ọn. Ìgboro ni igbó náà wà. Tí òjò bá ṣú tàbí tí ikùn bá ń run ọmọ kan, ẹ ti délé kó tó di ọ̀ràn. Ó tó hẹ́kítà 75, UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005, wọn kì í sì í gé igi ibẹ̀. Ìyẹn ni ibòòji fi pọ̀, ibòòji sì ṣe pàtàkì fún ọmọdé ju kí ọ̀nà kúrú lọ. Ara ọmọ kékeré máa ń tètè gbóná ju ti àgbà.

Ẹ má fi kìlómítà díwọ̀n ìrìn wọn, aago ni kẹ́ ẹ wò. Kìlómítà kan péré lè gba ọmọ ọdún mẹ́rin ní wákàtí kan, torí gbogbo kòkòrò ló máa bẹ̀rẹ̀ wò. Ẹ fún gbogbo ìrìn ní wákàtí kan ààbọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá méjì fún ìsinmi àti àbọ̀. Tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá ti pé, ẹ yí padà, ì báà jẹ́ pé odò ló wà níwájú yín. Ohun tó máa ń ba ìrìn jẹ́ ni "ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ yẹn ná". Ọmọ á dé ibẹ̀ lóòótọ́, kò wá ní sí agbára tó máa fi padà.

Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú-ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó bẹ̀bẹ̀. Kí ọmọ tó ké, ó ti máa ń fi hàn: á máa kọsẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọ̀rọ̀ á dínkù lẹ́nu rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkejì rẹ̀ jà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Tí ẹ bá rí méjì nínú wọn, ẹ jókòó, ẹ fún un ní nǹkan jẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú jù ni kó ṣáájú, òun ni kí gbogbo yín máa tẹ̀ lé. Kí àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn pátápátá.

Aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti kúrò nílé. Ọ̀sán ni òjò àsìkò yìí sábà máa ń rọ̀, ooru sì ń mú ṣíwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí aago tí wọ́n ń ṣí ẹnu ọ̀nà, ẹ sì béèrè bóyá owó kámẹ́rà wà lọ́tọ̀.

Ọ̀bọ wà níbẹ̀ o, ojú wọn ò sì fọ́. Ọmọ tó bá di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́wọ́ ni wọ́n máa já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí oúnjẹ wà nínú àpò tí ẹ ti fa síìpù rẹ̀ pa, kẹ́ ẹ má sì jẹun níbi tí ọ̀bọ bá ti ń wò yín. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé àwọn ère inú igbó kì í ṣe ohun ìgùn. Sìmẹ́ńtì àti amọ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àti àwọn oníṣọ̀nà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀, wọ́n ń sán. Ẹja odò náà èèwọ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju nǹkan lù wọ́n.

Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun. Tó bá jẹ́ pé ìrìn lẹ ń wá, ẹ yẹra fún ọjọ́ tí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ọdún, bá ń jáde, èrò máa ń pọ̀ débi pé ọmọ ọdún mẹ́rin ò ní rí ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Tí ẹ bá fẹ́ lọ wo ọdún, ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Báálẹ̀:

Mo fara mọ́ ohun tí Afinimọ̀nà sọ. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ara.

Omi ná. Ẹ ṣírò píọ̀ wọ́tà kan, oní 50cl, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, méjì fún àgbàlagbà, kẹ́ ẹ wá fi mẹ́ta lé e fún ọwọ́ fífọ̀ àti egbò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ má fi tiyín ṣeré. Ìdòwú tó ti lé ní oṣù mẹ́fà lè mu omi díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmú ni kó pọ̀ jù. Ẹ má retí kí òùngbẹ gbẹ àwọn ọmọ, ẹ máa fún wọn ní ìgbémì mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà gbogbo tí ẹ bá dúró.

Omi Ọ̀ṣun kì í ṣe mímu, kò sì yẹ kí ọmọ máa wẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ ọ́ di pípọ́n, irin olóró sì lè wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Gbígbé e kaná ò ní yọ ìyẹn kúrò, kòkòrò ni iná ń pa. Omi tó dúró sójú kan, tí ìgbín kéékèèké wà nínú rẹ̀, ẹ sá fún òun náà, ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń wọlé láti ara awọ.

Ní ti pípọ̀n: ọ̀já dára ju kí ẹ gbé e síwájú lọ, torí ẹ óò máa rí ibi tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀. Ìró òwú kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Kí orúnkún rẹ̀ ga ju ìdí lọ, kí imú rẹ̀ má sì fara mọ́ aṣọ. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Tó bá gbóná tó sì ń làágùn, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fún un lọ́mú. Ẹ̀ka igi tó rẹlẹ̀ ni ìyá máa ń gbàgbé: ẹ̀yin á bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀, orí ọmọ ni yóò gbá. Orí àpáta tó tutù ńkọ́? Rárá o. Tí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ẹ̀yìn lèèyàn fi ń ṣubú, ọmọ ló sì wà níbẹ̀. Ẹnì kan nínú yín á dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Oúnjẹ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì, ọsàn tí ẹ ti bó, Dòdò Ìkirè fún àgbà ọmọ. Ẹ̀pà kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó máa ń há lọ́fun, pàápàá tí ó bá ń rìn tó ń jẹun. Mọ́ínmọ́ín àti ẹyin sísè ò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú ooru.

Àpò ìtọ́jú: báńdéèjì, gọ́ọ̀sì, ọṣẹ kékeré, sẹ́lótéèpù, tuísà (ẹ̀mú kékeré), pàrásítámọ́ọ̀lù olómi pẹ̀lú ṣíbí rẹ̀, àti ORS méjì, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ. Tí kò bá sí ORS, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí ẹ ti fá ojú rẹ̀, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Kí iyọ̀ má pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó léwu fún ọmọdé.

Bí ọ̀bọ bá géni jẹ tàbí tó ya èèyàn ní èékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ kọjá sí ọsibítù lọ gba abẹ́rẹ́ àìsàn dìgbòlugi lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ejò, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fa á lẹ́nu, ẹ má so okùn mọ́ ọn. Ẹ bọ́ bàtà àti ìlẹ̀kẹ̀ tó wà níbẹ̀ kó tó wú, ẹ má jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ náà rìn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọmọ Erin:

Ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n mú ti omi Olúmirin, ìyẹn omi Erin-Ìjẹ̀ṣà tí àwọn ọmọ ń pariwo.

Láti Òṣogbo, ẹ wọ ọkọ̀ Iléṣà, kẹ́ ẹ tún wọ èyí tó ń lọ sọ́nà Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé Erin-Ìjẹ̀ṣà lẹ ń lọ. Pẹ̀lú ìdúró ọkọ̀, ẹ fi wákàtí méjì sọ́kàn fún àlọ nìkan. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́kadà kan kó ọmọ mẹ́ta mọ́ra láti títì wọlé o.

Ìpele méje ni omi náà ní. Ti àkọ́kọ́ ní àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni kí ìrìn ẹbí tó ní ọmọ ọdún mẹ́rin parí sí. Láti ibẹ̀ sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń gùn ún, gbòǹgbò igi àti òkúta ni ohun ìdìmú. Ọmọ ọdún méje tó lágbára lè bá bàbá rẹ̀ dé ìpele kejì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù keje sí ìkẹwàá, ohun tútù aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára àpáta ń yọ̀ bí ilá. Ẹ fi ìpele kejì sílẹ̀ nígbà yẹn.

Sísọ̀kalẹ̀ ló ń fa ìṣubú ju gígùn lọ. Kí àgbàlagbà wà nísàlẹ̀ ọmọ, kì í ṣe lókè rẹ̀. Kí ọmọ kọjú sí àpáta tàbí kó fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fa ọmọ lọ́wọ́ kan ṣoṣo, ìgbọ̀nwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún máa ń yẹ̀ tí wọ́n bá já a gbà lójijì.

Èyí tó burú jù: òjò lè máa rọ̀ lókè tí oòrùn sì ń ràn níbi tí ẹ wà. Tí omi tó mọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ bá ń ṣàn bọ̀, tàbí tí ariwo rẹ̀ bá ròkè, ẹ kó àwọn ọmọ jáde sí ẹ̀gbẹ́ tó ga lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fi bàtà sílẹ̀. Ní ti mànàmáná: tí ẹ bá rí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tí ààrá bá sán kí ẹ tó ka ọgbọ̀n, ẹ kúrò lórí àpáta àti nínú omi, ẹ má sá sábẹ́ igi ńlá tó dá dúró. Ilé tàbí inú ọkọ̀ ló dáa. Ẹ dúró títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn ààrá ìkẹyìn.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà:

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá wa wo tiyín náà. Ìbéèrè méjì ló kù. Irú bàtà wo? Sálúbàtà ni àwọn ọmọ fẹ́ràn. Àti pé ẹnì kan ní kí n dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, pé kòkòrò ò ní pọ̀ nígbà yẹn.

Afinimọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Sálúbàtà fi ìka ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún gbòǹgbò, ó sì ń bọ́ nínú ẹrẹ̀. Káńfáàsì ni fún igbó, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí ẹ ti ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú rẹ̀. Sáńdà tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀ ni fún omi. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síwájú ìka rẹ̀ tó gùn jù: tí àyè ìbú àtàǹpàkò kan bá wà, ó tó. Tó bá fún un, ìka á bó nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bàtà tuntun kò yẹ fún ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó kọ́kọ́ fi ṣeré nílé.

Ní ti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé wèrèpè. Ìgbà yẹn gan-an ló ń gbẹ, tí irun rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́. Àpáta á gbẹ lóòótọ́, efinrin sì dínkù, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ jíjó pọ̀. Tí wèrèpè bá kan ọmọ, ẹ má jẹ́ kó yún ara, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú ibẹ̀ kẹ́ ẹ ṣí i kúrò léraléra, kẹ́ ẹ tó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Aṣọ yẹn, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀.

Ti àsìkò òjò ni ìjàlọ. Ẹ máa wo ilẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Tí wọ́n bá ti gun ọmọ, ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lójú ọ̀nà wọn, kẹ́ ẹ bọ́ ṣòkòtò rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ já wọn.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Báálẹ̀:

Ẹ rọra pè é ní ẹ̀fọn, Afinimọ̀nà, efinrin ni a fi ń se ọbẹ̀! 😀 Òògùn tí wọ́n ń fi pa ara kí ẹ̀fọn má baà jẹni, oní DEET tí kò ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ò ṣe Ìdòwú nǹkan, torí ó ti kọjá oṣù méjì. Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ da á sí kẹ́ ẹ tó fi pa á lára. Ẹ má fi kan ojú, ẹnu àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá délé, ẹ wẹ̀ fún wọn, ẹ wo abíyá, ẹ̀yìn etí àti ìtan fún eégbọn. Tuísà ni kẹ́ ẹ fi dì í mú nítòsí awọ, kẹ́ ẹ fà á jáde gbọnrangandan láìlọ́ ọ. Tí ibà bá sì mú ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra òògùn ibà.

Ọmọ Erin:

Ẹ ra fèrè mẹ́ta, ẹ so ọ̀kan mọ́ ọrùn aṣọ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń rìn, kì í ṣe mọ́ ọrùn wọn gan-an. Ẹ kọ́ wọn nílé: tí ẹ ò bá rí wa mọ́, ẹ dúró sídìí igi tó bá sún mọ́ yín jù, ẹ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sinmi, ẹ tún fun ún. Kí wọ́n má rìn kiri láti wá yín. Aṣọ pupa tàbí yẹ́lò ni kí wọ́n wọ̀, ewé máa ń gbé aṣọ àwọ̀ ewé mì.