Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí processor àti motherboard tí mo fẹ́ rà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Kubwa l'Ábújá ni mo ń gbé, iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ni mo sì ń ṣe. Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà: bí mo bá ní kó gbé fídíò oníṣẹ́jú mẹ́wàá jáde, màá tẹ ẹ̀bà, màá jẹ ẹ́ tán, màá fọ abọ́, kò ní tíì dé ìdajì.

Mo fẹ́ to tuntun jọ fúnra mi. Ryzen 5 5600G, processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ti AMD, wù mí nítorí pé ó ní graphics tirẹ̀ nínú, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú, àmọ́ irú motherboard (pátákó tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń jókòó lé) tó ń lò, AM4, ti pẹ́, AM5 tó rọ́pò rẹ̀ tó sì jáde ní 2022 kò gba RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) mìíràn ju irú DDR5 lọ, èyí tí owó rẹ̀ ń dẹ́rù bà mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n mú Core i5-12400 ti Intel nítorí Quick Sync, ẹ̀yà inú graphics rẹ̀ tó ń mú iṣẹ́ fídíò yá, bí mo bá ti lè ṣọ́ra kí wọ́n má tà 12400F fún mi, nítorí ìyẹn kò ní graphics kankan nínú.

Inverter ni mo sábà máa ń fi ṣiṣẹ́ lálẹ́. Wáàtì 65 ni wọ́n kọ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n i5 yìí lè gùn dé 117 nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n tíì lè pinnu.

Èwo ni ẹ̀yin ìbá rà? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó tọ́ kí n fowó kún motherboard oníhò RAM mẹ́rin, àbí oníhò méjì ti tó fún 32GB?