Ẹbí ìyàwó mi fẹ́ pé jọ ní Hilo, ní Hawaii: ẹ bá mi wá orúkọ àwọn baba ńlá wọn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ bíbí Hawaii ni ìyàwó mi, èmi àna wọn ni wọ́n sì ní kí n to ìwé ìran fún ìpàdé ẹbí (iṣẹ́ ọkọ ọmọ kì í tán!). Mo wá a dé ọ̀dọ̀ baba ìyá àgbà rẹ̀, ló bá há. Ṣáájú òfin orúkọ ọdún 1860, orúkọ kan ṣoṣo lọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ń jẹ́, kò sí ti bàbá lẹ́yìn rẹ̀.

Ta ló ti yẹ ìwé ilẹ̀ ìgbà Māhele (ìgbà tí wọ́n pín ilẹ̀ Hawaii), ọdún 1848, wò ní Honolulu? Ṣé àwọn tó ń bèèrè ilẹ̀ nígbà náà máa ń dárúkọ òbí wọn nínú ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́?

Ní ti oúnjẹ ìpàdé náà, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń fi òkúta gbígbóná sè nínú kòtò ti wà nílẹ̀. Kí ni kí èmi gbé lọ?